Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ Fi Sílẹ̀

Ìyá tó bí bàbá mi ti lọ. Ọ̀sán Jímọ́ kan ni wọ́n lọ, nínú yàrá wọn ní Apààrà, nílùú Ọ̀yọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Èmi Sìdíkátù, àkọ́bí Ràímì ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ tí wọ́n máa ń kì ní Àṣàbí, ni mò ń kọ èyí. Kì í ṣe pé mo mọ̀ wọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ. Wọ́n sọ ohun méjì fún mi kí wọ́n tó lọ ni, ohun méjèèjì ò bára mu, mo sì ti ń gbé wọn kiri láti ìgbà náà bí ẹni tó ru ẹrù tó fì sápá kan.

Mi ò lè sọ ọdún tí wọ́n bí wọn, nítorí àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ìyá àwọn sọ fún àwọn pé ọdún tí eéṣú jẹ oko Ìkòyí-Ilé ni. Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó wá fẹ́ ọkọ sí Ọ̀yọ́. Ohun tí mo rántí nípa wọn kò tò tẹ̀ léra. Bó ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọṣẹ dúdú ni iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń sè é, nídìí ìkòkò ńlá mẹ́ta tí èéfín ti sọ di dúdú kirikiri. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń sẹ́ omi eérú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń gbé àdín kaná, wọ́n á máa rò ó pọ̀ títí apá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Ìró àdìrẹ kan ṣoṣo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, eérú ti jẹ ẹ́ létí. Wọn kì í kọrin nídìí ọṣẹ, wọn kì í bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ. Bí o bá kí wọn, wọ́n á kàn mirí. Síbẹ̀ ọṣẹ náà ò ní ẹlẹgbẹ́. Àwọn obìnrin tó ń tún un tà ń wá kó o láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní kì í ta ara, kì í sì í yọ́ dànù nínú igbá.

Mo tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, lásìkò ìsinmi kan, pé, "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ fẹ́ràn ọṣẹ ṣíṣe?"

Wọ́n dúró, wọ́n wò mí bí ẹni pé mo béèrè bóyá wọ́n fẹ́ràn kí ẹ̀gún gún wọn lẹ́sẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń fẹ́ràn ọṣẹ ni? Wọ́n ń fi wẹ̀ ni."

Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wọ́n á di ẹlòmíràn. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á pa ìró dà, wọ́n á gbé àpótí wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ẹni tí wọ́n fẹ́ di irun fún á wá jókòó sílẹ̀ sáàárín orúnkún wọn. Wọn kì í bi í léèrè irú irun tó ń fẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ tú irun náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ lọ́sẹ̀ yìí?" Ìgbà tí ẹni náà bá sọ ọ́ tán ni wọ́n tó máa mú ìlàrí láti fi pín irun. Bí ọmọ bá ń lọ ṣe ìdánwò, ṣùkú ni wọ́n máa dì fún un, kí gbogbo irun lè forí lé òkè. Bí ìyàwó ilé kan bá ń bá ọkọ rẹ̀ jà, wọ́n á di pàtẹ́wọ́, kí apá ọ̀tún àti apá òsì lè pàdé láàárín. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, àbí eré ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n máa ń kọrin. Orin kan náà ni, tí kò ní ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, wọ́n á máa kọ ọ́ sínú títí irun á fi parí.

Wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kì í sì í di irun fún gbogbo ènìyàn. Ìyàwó olówó kan wá láti Owódé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mọ́tò ló gbé e wá, ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Ó ní àwọn ènìyàn júwe wọn fún òun, pé ohunkóhun tí wọ́n bá dárúkọ, òun á san án. Ìyá Àgbà ní kí ó dìde, wọ́n bu omi fún un, wọ́n béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà tún dárúkọ sísan, wọ́n wọlé lọ, wọ́n mú ọṣẹ jáde, wọ́n fi ta á lọ́rẹ.

"Èyí ni mò ń tà," ni wọ́n wí. "Orí ọmọlọ́mọ kì í ṣe ọṣẹ tí mo lè gé fún oníbàárà."

Ìyá Sàfù ń gbé ní ojúlé tó kọjú sí tiwa. Òun ni ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà, òun náà ni wọ́n sì ń bá jà jù láyé. Wọ́n lè jà nítorí ewúrẹ́, wọ́n lè jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé mọ́ṣáláṣí. Bí ìjà bá dé, wọn ò ní bára wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ á ṣì máa sọdá láti ilé kan sí ìkejì, èmi ni mo sì máa ń gbé e nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà lọ sí iléèwé àwọn olùkọ́.

Ìgbà kan wà tí mo lọ fi oògùn jo irun mi ní ṣọ́ọ̀bù, bí gbogbo ọmọge ṣe ń ṣe nígbà náà. Irun náà ń dán, ó ń ṣàn lọ sẹ́yìn ọrùn. Bí mo ti wọlé, Ìyá Àgbà fi imú fà á.

"Ohun tí mo fi ń se ọṣẹ ni wọ́n fi pa ọmọ yìí lórí," ni wọ́n wí.

Ìyá Sàfù wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ràímì, ayé ti lajú. Irun yìí wu ènìyàn."

"Ó wu ìwọ."

"Ó wù mí. Bí mo bá kéré ni, èmi náà á ṣe é."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta ìjà náà, Ìyá Àgbà pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bi mí: ta ló fi oògùn náà sí mi lórí, báwo ló ṣe pẹ́ tó lórí kí wọ́n tó ṣan án, omi gbígbóná ni wọ́n fi ṣan án àbí tútù, ṣé ó ta mí. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, mo ṣebí ẹ ní ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ràn rẹ̀," ni wọ́n wí. "Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Èmi náà fẹ́ràn irun. Àárín orúnkún wọn ni mo ti kọ́ ọ, mi ò mọ ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo dé iléèwé àwọn olùkọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí tò sí ẹsẹ̀ ibùsùn kan ní ọ̀sán Sátidé kí n lè di irun fún wọn. Bí mo bá ti fọwọ́ kan irun, ohun gbogbo tó ń dà mí láàmú á dákẹ́. Mo máa ń wo orí ènìyàn lójú ọ̀nà, kí n máa pín in lọ́kàn mi. Nínú kíláàsì, bí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò, ìwé mi á kún fún àwòrán irun.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbé irun tí mo dì fún un lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀ ni Àǹtí Bólá ti rí i. Àǹtí Bólá ló ni ṣọ́ọ̀bù irun kan ní Tákíé, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó mẹ́fà. Ó béèrè ẹni tó di irun náà. Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí mi, tí àwọn náà ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ránṣẹ́ pè mí, ó fi orí kan dán mi wò, ó dúró sẹ́yìn mi títí mo fi parí.

"Àwọn tó wà níbí ń kọ́ṣẹ́ ni," ni ó wí. "Ìwọ, a bí i mọ́ ọ. Wá bá mi ṣiṣẹ́. Tó bá di ọdún mẹ́ta sí i, wàá ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ."

Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé, mo gbàgbé pé mọ́tò wà.

Bàbá mi, Ràímì, akọ̀wé ni wọ́n lọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Àsìkò tí gbogbo ìlú ń pariwo sáàpù ni, ètò ìjọba tó mú kí gbogbo nǹkan wọ́n, owó oṣù kì í dé lásìkò, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí owó iléèwé mi pẹ́ rí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbé ife tíì sílẹ̀.

"Ṣé gbogbo ẹni tó mọ orin kọ ló ń di olórin?" ni wọ́n béèrè. "Di irun fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ta ló dí ọ lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n tíṣà ni wàá ṣe. Ìwé ẹ̀rí kì í gbó."

Mo sunkún. Mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ nígbà náà. N ò tíì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ń kọ̀ fún ló máa ń mọ ohun tó fẹ́ jù.

Mo padà sí Ọ̀yọ́, mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá Ìyá Àgbà. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá lè bá bàbá mi sọ̀rọ̀, ó parí. Wọ́n ń gé ọṣẹ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Àṣàbí," ni wọ́n wí, "má tà á. Ohun tí o bá fẹ́ràn, fi í pamọ́ síbi tí ebi ò ti ní rí i."

Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi yé. Mo tún un sọ. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ wọn sọ bákan náà, wọ́n sì padà sídìí ọṣẹ.

Ìbínú gbé mi sọdá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sàfù. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ò sọ fún mi rí. Ìyá Sàfù ní Ìyá Àgbà ti ta irun rí. Nígbà tí bàbá mi ṣì wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ní ibùjókòó onídìrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán, àwọn àti Ìyá Sàfù jọ ń jókòó níbẹ̀. Ó ní kò sí onídìrí tí àwọn obìnrin ń wá tó Ìyá Àgbà. Tó bá ku ọjọ́ díẹ̀ kí Iléyá dé, àwọn obìnrin á tò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Iléyá ku ọ̀la, obìnrin kan láti Jọ́bẹ̀lẹ́ jókòó lábẹ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà. Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ń sọ pé òun bímọ lóṣù tó kọjá, ọmọ náà sì kú, pé òun ò fẹ́ di irun rárá, ìyá ọkọ òun ló ní dandan ni kí òun wá. Ojú Ìyá Àgbà wà lára àwọn tó kù tó ń dúró. Wọ́n ti gbọ́ "bímọ," ọwọ́ wọn ò dúró. Wọ́n ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó."

Obìnrin náà sorí kọ́. Àwọn tó ń dúró ń wo ara wọn. Ìyá Sàfù ló fọwọ́ kan èjìká Ìyá Àgbà, ó ní, "Ìyá Ràímì, o ò gbọ́ ohun tó sọ ni?"

Ó ní Ìyá Àgbà bi òun, òun sì sọ ọ́ sí wọn létí. Ó ní wọ́n wo ọwọ́ ara wọn bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Wọ́n wá síwájú obìnrin náà, wọ́n kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ní kò sí nǹkan kan, kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun parí rẹ̀. Wọn ò lè parí rẹ̀. Ìdajì orí ni wọ́n ti dì. Wọ́n dìde, wọ́n pọn ọmọ wọn, wọ́n lọ sílé. Ìyá Sàfù ló di ìdajì tó kù.

"Ìdajì méjèèjì ò jọra," ni Ìyá Sàfù wí. "Ọwọ́ mi ò tó tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ṣe ṣe Iléyá."

Ìyá Àgbà ò padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ wọn ń se ọṣẹ, wọ́n lọ jókòó tì í, wọ́n kọ́ ọ.

Mo bi Ìyá Àgbà bóyá òótọ́ ni. Wọ́n ní, "Ìyá Sàfù fẹ́ràn ìtàn." Wọn ò ní irọ́ ni. Mo bi bàbá mi, wọ́n ní ohun tí àwọn gbọ́ ni pé bàbá àwọn ló ní kí ìyá àwọn má lọ sọ́jà mọ́, nítorí oúnjẹ alẹ́ ń pẹ́. Mi ò mọ èwo ni kí n gbà. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mo ti wá gbọ́ ìdí tí wọ́n fi ní kí n má tà á, ó sì ti ń wọ̀ mí létí díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó ti ìwé mi. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ọwọ́ mi dí.

Àfi bí Ìyá Àgbà ṣe wá sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìsinmi tún dé, mo wà lọ́dọ̀ àwọn òbí mi. Àárọ̀ Sátidé kan, a kàn gbọ́ "Àsàlámù àlékùn" lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ni. Wọ́n ti dá mọ́tò wọ̀ láti Ọ̀yọ́, ẹni tí kì í fẹ́ lọ kọjá Akẹ̀sán. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ìyá mi kúnlẹ̀, gbogbo wa ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n mu omi tán, wọ́n ní:

"Ràímì, jẹ́ kí ọmọ yìí lọ síbi irun yẹn."

Bàbá mi wò mí. Èmi náà ń wo ilẹ̀.

"Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó má lọ?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ tún wá ń sọ pé kó lọ."

"Mo tún sọ bẹ́ẹ̀."

"Èwo ni ká wá mú nínú rẹ̀, Ìyá?"

"Èwo lo fẹ́ kí n fún ọ? Mo ti sọ méjèèjì." Wọ́n yíjú sí mi. "Níbo ni ṣọ́ọ̀bù náà wà? Mú mi lọ."

Èmi àti wọn la jọ lọ sí Tákíé. Ọjọ́ ọjà irun ni Sátidé, ilé kún. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun ń pariwo, àwọn obìnrin mẹ́ta jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó dé ìkòkò. Àǹtí Bólá wá kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga kan, wọ́n ń wo gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pe Àǹtí Bólá.

"Ta ló ń di tìrẹ?"

Gèlè kékeré ni Àǹtí Bólá máa ń wé. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, mi ò ráyè."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Màmá."

"Jókòó."

Ó rò pé eré ni. Ó ní àwọn oníbàárà ń dúró. Ìyá Àgbà ti fa àpótí kan mọ́ra. Mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni lè kọ̀ fún wọn bí wọ́n bá ti fa àpótí mọ́ra. Àǹtí Bólá jókòó sílẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lójú gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó tú gèlè. Irun rẹ̀ ti já níwájú, ó ti fẹ́lẹ́ lẹ́bàá etí. Ìyá Àgbà fọwọ́ tú u, wọ́n ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ lọ́sẹ̀ yìí?" Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, nítorí ariwo ẹ̀rọ. Mo kàn rí i pé ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó sì fi etí ìró nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àgbà ń kọ orin wọn. Àwọn oníbàárà dúró. Kò sí ẹni tó bínú.

Bí a ti ń bọ̀ wálé, mo ní, "Ìyá Àgbà, kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Mo rí i pé ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé."

"Ṣé kí n lọ àbí kí n má lọ?"

Wọ́n rìn díẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Akẹ̀sán fún mi, ìgbà kan ṣoṣo.

"Ó sú mi nígbà náà," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kò sú mi tán. Ìyẹn ló dùn mí. Ó sàn kó o lọ, kó sú ọ tán, ju kó o jókòó sídìí ọṣẹ kó máa wù ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ sì ní kí n fi í pamọ́ síbi tí ebi ò ti ní rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Ìyẹn náà dára."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n lọ. Wọn ò ṣàìsàn. Wọ́n kírun Jímọ́ dé, wọ́n ní ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìyá Sàfù gbé oúnjẹ sọdá wá, ó sì bá wọn bẹ́ẹ̀. Òun tó máa ń sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ, ọjọ́ mẹ́jọ ni kò fi sọ ju "Ọlọ́run ló ni í" lọ.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi pè mí. Wọ́n ní, "Ìyá mi ti sọ̀rọ̀, mi ò mọ èyí tí wọ́n fẹ́ nínú méjèèjì. Èmi ò ní dí ọ lọ́nà mọ́. Èyí tó o bá mú, mú un." Mo rò pé inú mi á dùn. Ẹ̀rù ló bà mí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kọ̀ fún mi, mo mọ ohun tí mo fẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo dúró lẹ́nu rẹ̀ bí òpè.

Mo parí iléèwé. Mo yege. Bàbá mi fi ìwé ẹ̀rí náà sínú àpótí wọn, wọ́n máa ń ṣí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá ikán ò tíì débẹ̀. Èmi lọ sí Tákíé. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí irun á parí lábẹ́ ọwọ́ mi, tí ẹni tó ni ín á wo dígí, tí kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀, mo sì máa ń mọ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pé kò síbòmíràn tó yẹ kí n wà. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà. Níjọ́ kan tí mo ń ronú, Àǹtí Bólá sọ fún mi pé, "Sìdí, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ la fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago méje àárọ̀."

Àbúrò mi, Mọ̀rífátù, èmi ni mo ti ń di irun fún un láti kékeré. Lóṣù tó kọjá, ó wá jókòó sílẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ Àìkú, ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Jọ̀ọ́, ó rẹ̀ mí." Kò bínú. Ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ àwọn alábàágbé wa. Nígbà tó padà dé, mo rí i pé wọ́n pín in wọ́. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ Ìyá Àgbà ló dà bí òótọ́ létí mi. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ìyàwó tuntun kan wá, mo di ṣùkú fún un, mo gbọ́ tí mo ń kọrin sínú, ọ̀rọ̀ kejì ló tún di òótọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ó yẹ kí ènìyàn sọ ohun tó wù ú di iṣẹ́, mi ò mọ̀. Mo ti wà nínú rẹ̀, mi ò sì mọ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ tí wọ́n lọ gan-an ni. Wọ́n wá pè mí ní kíláàsì. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti ń wẹ̀ wọ́n. Ìyàwó àlùfáà kan, ìyá àgbàlagbà tí kò mọ̀ mí rí, ló ń wẹ̀ wọ́n, Ìyá Sàfù ń bu omi. Wọ́n ní kí n ṣe àlùwàlá kí n wọlé. Ìyàwó àlùfáà ní bó ṣe wà nínú ẹ̀sìn ni pé kí wọ́n di irun obìnrin tó bá kú sí ọ̀nà mẹ́ta, kí wọ́n kó o sẹ́yìn. Ó ní ọwọ́ òun ò yá sí irun dídì mọ́. Ìyá Sàfù nawọ́ sí mi.

Mi ò rí orí Ìyá Àgbà láìbò rí. Àwọn fúnra wọn ló máa ń di tiwọn nínú yàrá, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó funfun báláú, ó rọ̀ bí òwú, omi ń kán lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níbi orí wọn. Mo fọwọ́ tú u. Ẹnu mi fẹ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́sẹ̀ yìí, mo pa á mọ́. Mo pín in sí mẹ́ta, mo dì í, mi ò fà á, mi ò sáré. Kò sí ẹni tó ń dúró lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo parí, mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é.

Ìyàwó àlùfáà tẹjú mọ́ ọn. Ó fi ìka kan tọ ibi tí mo pín.

"Irú èyí ò wọ́pọ̀ mọ́," ni ó wí. "Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ rẹ nìyí?"

Ìyá Sàfù ń wò mí, igbá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá mi ni wọ́n, mà," ni mo wí.